Ẹrù ni kó tó di ìbọn: bí a ṣe ń yan ohun ìjà fún ogun orí òkè gíga

Ìbọn tó wọn kílò 4 nísàlẹ̀ òkè, kílò 4 náà ni yóò wọ̀n lókè. Àyà tó gbé e ni kò rí bákan náà mọ́. Ní nǹkan bíi 5,500 mítà sókè òkun, ìdajì afẹ́fẹ́ ló kù lórí ẹni. Sọ́jà tó ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ láìmí gúlegúle yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá níbẹ̀, yóò dúró, yóò fọwọ́ lé orúnkún. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbé ìbọn, ọta, okùn, oúnjẹ àti aṣọ òtútù lé lórí, kí ẹ tó ní kó lọ jà.

Ìdí nìyí tí ìwé tí àwọn tó ń ta ìbọn ń tẹ̀ jáde fi lè ṣi ọ̀gágun lọ́nà. Wọ́n á kọ bí ọta ṣe ń jìnnà tó àti iye tó ń yìn ní ìṣẹ́jú kan. Wọn kì í kọ ẹni tí yóò gbé e gun òkè. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀: lórí òkè gíga, ẹrù ni ohun ìjà kó tó di ohun ìjà. Àpẹẹrẹ tí mo fi gbè é lẹ́sẹ̀, inú ogun tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti mú un: Kargil lọ́dún 1999 àti Siachen láti 1984 (Íńdíà àti Pakísítáànì ló kọjú ìjà síra wọn ní méjèèjì), Afgánísítáànì, àti òkè Alps nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ òkè náà kí ẹ tó mọ ìbọn

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wádìí: bí ibi tí wọn yóò ti jà ṣe ga tó, òtútù tó le jù níbẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí.

Gíga ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Létí òkun, afẹ́fẹ́ tó kún inú àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, wọn nǹkan bíi kílò 1.2. Ní 3,000 mítà, ó ku 0.9. Ní 5,000 mítà, ó ku nǹkan bíi 0.74, ìyẹn ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nísàlẹ̀. Nọ́ńbà kan yìí ló ń darí bí ọta ṣe ń fò, bí hẹlikópítà ṣe ń gbéra, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà àti bí ènìyàn ṣe ń mí.

Ní ti òtútù, bí ẹ bá ti ń gun 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi dígírì 6 ààbọ̀ yọ kúrò nínú ooru. Bó bá jẹ́ dígírì 30 létí òkun, ibi tó ga tó 5,000 mítà ti kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ní Siachen, tí Íńdíà àti Pakísítáànì ti ń ṣọ́ ara wọn láti oṣù kẹrin ọdún 1984, ó lè bọ́ sí dígírì 50 sísàlẹ̀ òdo nígbà òtútù. Àwọn tí òtútù, àìsàn òkè àti yìnyín tó ya lulẹ̀ pa níbẹ̀ ju àwọn tí ìbọn pa lọ.

Ibi tí ọ̀nà parí sí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ fa ìlà pupa síbẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Gbogbo ohun tó bá kọjá ìlà yẹn, èjìká ènìyàn, ẹ̀yìn ìbaaka tàbí ikùn hẹlikópítà ni yóò gbé e. Ohun ìjà tó yẹ nísàlẹ̀ ìlà àti èyí tó yẹ lókè rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti kà nípa rẹ̀, ìlà yìí ni wọn ò fà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ẹrù

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ológun ló gbà pé ẹrù ẹni tó ń lọ jà kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tó bá wọn kílò 70, kílò 23 ni tirẹ̀. Bàtà yìnyín, aṣọ òtútù tó wọ̀ lé ara wọn, okùn, àáké yìnyín, oúnjẹ ọjọ́ méjì, omi, àpò ìsùn: kí ẹ tó mọ̀, ó ti lé ní kílò 12. Kílò 10 tàbí 11 ló kù fún ìbọn, ọta, bọ́ǹbù àfọwọ́jù àti ìpín tirẹ̀ nínú ẹrù ẹgbẹ́. A ò sì tíì yọ ohun tí òkè ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní 5,000 mítà, agbára iṣẹ́ ara ń dín tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, bí ibẹ̀ tilẹ̀ ti mọ́ ọ lára.

Nítorí náà, ẹ má fi ìbọn wé ìbọn. Ẹ gbé ìbọn pẹ̀lú ọta tó nílò fún ọjọ́ kan sórí ìwọ̀n, kí ẹ wá fi wé èkejì pẹ̀lú ọta tirẹ̀. Ẹ wo ìbọn arọ̀jò-ọta méjì tí gbogbo ológun mọ̀. FN MAG ti Bẹ́ljíọ̀mù wọn kílò 11.8 láìkì í lọ́ta; PKM ti Rọ́ṣíà wọn 7.5. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, agbára ọta wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Kílò 4 àti díẹ̀ tó wà láàárín wọn yẹn, ọta tó lé ní 100 ni ẹ lè fi dípò rẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, mo lè fara mọ́ MAG, torí ìbọn tó ń tọ́jọ́ ni. Lókè ìlà pupa, PKM ni n ó gbé, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó. Nígbà tí Íńdíà bọ́wọ́ lùwé lọ́dún 2020 láti ra ìbọn arọ̀jò-ọta Negev NG7 16,479 lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, ìbọn tó wà ní nǹkan bíi kílò 8 ni wọ́n rà, tó sì ń yin ọta 7.62 tó lágbára (nọ́ńbà yìí ni fífẹ̀ ọta ní mìlímítà).

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mọ́tà, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń ju bọ́ǹbù sókè kó lè já lé ọ̀tá lórí, ni kí ẹ fi wo òwe yẹn. Mọ́tà 81 mìlímítà tó fúyẹ́ wọn nǹkan bíi kílò 36 sí 40, ènìyàn mẹ́ta lè pín in gbé. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kan ju kílò 4 lọ. Ogún ọta ti lé ní kílò 80, ẹ sì lè yìn ín tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọta 60 mìlímítà kò tó kílò 2. Ti 120 mìlímítà lé ní kílò 13. Ẹni tó bá ń yan mọ́tà láìka iye èjìká tí yóò máa gbé ọta lójoojúmọ́ kò tíì yan nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbọn àgbétèjìká

Ọta 5.56 kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 12. Ọta 7.62 ti NATO wọn 24. Ẹni tó lè gbé 240 nínú ti kékeré, 120 ló lè gbé nínú ti ńlá. Gbogbo àríyànjiyàn nípa ìbọn orí òkè, inú ìṣirò kékeré yìí ló ti wá.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ ti ńlá ni pé ìjà òkè sábà ń wáyé láti orí òkè kan sí èkejì, 600 mítà, 800 mítà, tí àfonífojì sì wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá kí ọjọ́ tó rọ̀. Ní Afgánísítáànì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gbé ìbọn M4 bá ara wọn níbi tí ọ̀tá ti ń fi PKM rọ̀jò ọta lé wọn lórí láti ọ̀nà jíjìn tí ọta 5.56 tiwọn ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Wọ́n ní láti padà lọ kó M14, ìbọn 7.62 àtijọ́, jáde nínú ilé ìkóhun-ìjà sí. Lọ́dún 2019, Íńdíà náà ra ìbọn SIG 716 tó jẹ́ 72,400, tí wọ́n ń yin 7.62, fún àwọn ọmọ ogun iwájú.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé kí gbogbo ènìyàn gbé ìbọn ńlá. Ìjà òkè ní ọ̀nà jíjìn méjì: èyí tó jìnnà gan-an, àti èyí tó jẹ́ imú sí imú. Ní Kargil, òru ni wọ́n ń gun òkè Tololing àti Tiger Hill, wọ́n á fi ọwọ́ àti okùn gun àpáta, wọ́n á sì bá ọ̀tá nínú ihò tí wọ́n fi òkúta tò, ní ìwọ̀n mítà mélòó kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ògiri àpáta dé orí nínú òkùnkùn, ìbọn kúkúrú tí ìdí rẹ̀ ṣeé ká, tó ní ọta púpọ̀, ló máa gbà á.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín in fún ènìyàn mẹ́wàá, méjì á gbé 7.62 tó ní awò (dígí tí a fi ń wo ọ̀tá tó jìnnà láti fojú sùn ún), ẹnì kan á gbé ìbọn arọ̀jò-ọta, àwọn yòókù á gbé èyí tó fúyẹ́. Ẹ rí i dájú pé ọta àwọn tó ní awò àti ti arọ̀jò-ọta jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí ọta bá ń tán, wọn á lè yọ ọ́ lára bẹ́líìtì fún ara wọn. (Ti arọ̀jò-ọta kì í gbá dáadáa tó ti atamátàsé, àmọ́ ọta tó wà lọ́wọ́ ló wúlò.)

Ìgbésẹ̀ kẹrin: awò, àti bí ọta ṣe ń fò lókè

Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọ̀tá wà lókè yín, ní gẹ̀rẹ́ dígírì 30, ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀nà sọ pé 400 mítà. Bí ẹ bá to awò sí 400, ẹ ó ta kọjá lórí rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà tí ọta fi ń lọ ní ìbú nìkan ni ilẹ̀ fi ń fà á wálẹ̀, ìyẹn kò sì ju nǹkan bíi 346 mítà lọ. Bí gẹ̀rẹ́ náà bá jẹ́ dígírì 45, ó di 283. Ohun tó ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu ni pé bákan náà ló rí bí ọ̀tá bá wà nísàlẹ̀ yín: nígbà méjèèjì, ẹ ó ta kọjá lókè. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀nà tí kò lè fi gẹ̀rẹ́ ṣe ìṣirò, ẹ má rà á fún òkè.

Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ tún dá kún un. Kò sí ohun tó ń dí ọta lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ó ń jìnnà sí i, kì í sì í tètè wálẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2002, ní àfonífojì Shah-i-Kot ní Afgánísítáànì, Rob Furlong, atamátàsé ọmọ Kánádà, fi ìbọn McMillan TAC-50 ta ọ̀tá láti 2,430 mítà. Kò sí ẹni tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó ta jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ta á, ṣùgbọ́n gíga ibẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Òtútù ń fà á sí apá kejì. Ẹ̀tù tó tutù kì í tètè jó, ọta a máa fi iyára díẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu ìbọn. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ẹ̀tù ń fà á sẹ́yìn, wọn kì í sì í pa ara wọn rẹ́ déédéé. Ohun tó yẹ ni kí ẹ tún awò ìbọn kọ̀ọ̀kan tò níbi gíga tí ẹ ó ti lò ó, ní òtútù tí ẹ ó ti lò ó. Ìbọn tí wọ́n tò sójú ní bárékè nísàlẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa lókè. Ìwé ìṣirò àwọn tó ń yin àgbá náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ fún pẹ̀tẹ́lẹ̀, irọ́ ńlá ló ń pa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ni òtútù yóò ṣe fún un?

Ẹ fara balẹ̀ ka ìpín yìí, torí ibẹ̀ ni ìbọn olówó gọbọi ti ń di igi ìdáná.

Sọ́jà kan dé láti ibi ìṣọ́ ní aago mẹ́ta òru, dígírì 25 sísàlẹ̀ òdo. Ó wọ àgọ́ tí sítóòfù ń jó nínú rẹ̀, ó gbé ìbọn ti ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn. Kò pẹ́ tí irin náà fi ń làágùn bí ìgò omi tútù. Omi yẹn ń ṣàn wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wọ ibi tí ọta ń gbà wọlé, ó wọ abẹ́ irin tí ń lọ tí ń bọ̀. Aago márùn-ún, wọ́n ní ọ̀tá ń bọ̀. Ó gbé ìbọn sáré jáde, kó tó dé yàrà omi ti dì, ó fa ìbọn, ìbọn ò gbọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tì í.

Ìta ni ìbọn ń sùn lórí òkè, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà àgọ́, lábẹ́ ìbòrí tí yìnyín kò lè wọ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e wọlé fún àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ dì í sínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ẹ jẹ́ kó yá gágá nínú àpò náà kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ wá nù ún gbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń yan ìbọn, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ọmọ ogun lè tú u, nù ún, kó sì tún tò ó nínú òkùnkùn láìbọ́ ìbọ̀wọ́? Èyí tó ní pín-ín-nì kékeré tó lè jábọ́ sínú yìnyín, ẹ jẹ́ kó dúró sísàlẹ̀.

Òróró tún wà níbẹ̀. Òróró ìbọn tí à ń lò níbi gbígbóná máa ń ki bí oyin nínú òtútù líle. Ẹ nù ún kúrò pátápátá, kí ẹ fi èyí tó wà fún òtútù ra á fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ lo ìyẹ̀fun gíráfáìtì gbígbẹ. Ìbọn tó gbẹ sàn ju èyí tí òróró tó ki dì pa.

Ike náà ń yí padà. Ní Kargil, àwọn ọmọ ogun Íńdíà ráhùn pé ilé ọta ìbọn INSAS tí wọ́n fi ike ṣe ń sán nínú òtútù, àti pé ìbọn náà ń há. Ìbọn yẹn kò burú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè ló jẹ́ kí àbùkù rẹ̀ hàn. Ẹ ju ilé ọta sínú òtútù mọ́jú, kí ẹ jẹ́ kó ṣubú sórí àpáta láti àyà sọ́jà, nígbà mẹ́wàá, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ibi tí ìka ń wọ̀ láti fa ìbọn gbọ́dọ̀ gba ìbọ̀wọ́ tó nípọn, tàbí kó ṣeé ṣí. Ọwọ́ òfìfo kò gbọ́dọ̀ kan irin, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, awọ á bó. Ẹ bo ẹnu ìbọn, torí yìnyín tó wọnú rẹ̀ lè mú kó bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lójú. Bátìrì tó ń lò wákàtí púpọ̀ nílé lè kú láàárín òru kan lókè: ẹ ra lítíọ́ọ̀mù, ẹ fi sápò àyà níbi tí ara ti ń yá a. Awò tó bá ní iná, kí irin ìfojúsùn wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó ń ta kọjá sẹ́yìn òkè

Ọta ìbọn tààrà ló ń lọ, òkè sì kún fún ẹ̀yìn àpáta. Ọ̀tá tó jókòó sí ẹ̀yìn òkè, 40 mítà péré sí yín, kò yàtọ̀ sí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi bí ẹ bá ní ohun tó lè fò sókè kó sì já lé e lórí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé mọ́tà ni ọba ohun ìjà òkè. 60 mìlímítà ni kó bá àwọn tó ń gun òkè lọ. 81 ni kó wà níbi tí ìbaaka lè dé. 120 kò yẹ kó jìnnà sí ìlà pupa.

Ṣùgbọ́n mọ́tà ní ọ̀tá tirẹ̀. Irin ìdí rẹ̀ ń rì sínú yìnyín rírọ̀, ó sì ń yọ̀ lórí àpáta tó dì, bẹ́ẹ̀ ni ìfojúsùn yóò ṣe máa bàjẹ́ lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àpò iyanrìn tàbí pákó sí i lábẹ́. Èkejì ló le jù: yìnyín jíjìn ń gbé ọta mì. Ọta tó bú gbàù nínú yìnyín tó ga tó mítà kan, yìnyín náà ni yóò gba ọ̀pọ̀ nínú àfọ́kù rẹ̀, ìgbà mìíràn fíúsì rẹ̀ (ohun tí ń mú kó bú) kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ti kanlẹ̀. Fíúsì tí ń bú lókè ilẹ̀ ni kí ẹ rà fún ìgbà òtútù. Lórí àpáta gbígbẹ, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá, torí òkúta tó fọ́ ń di àfọ́kù kún àfọ́kù.

Ìbọn AGS-17 tí àwọn Sọfiẹ́ẹ̀tì gbé lọ sí Afgánísítáànì, tó ń yin bọ́ǹbù kéékèèké 30 mìlímítà tẹ̀ lé ara wọn, wọ inú àyè tó wà láàárín ìbọn arọ̀jò-ọta àti mọ́tà. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tó nǹkan bíi kílò 30. Fún ibi ìṣọ́ tí kì í ṣí kiri, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ku àgbá. Ní Kargil, àgbá Bofors FH-77B 155 mìlímítà, tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12, ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbé e gun òkè o. Ẹ̀bá títì Srinagar sí Leh ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró sí, wọ́n sì fojú sun ṣóńṣó òkè tààrà bí ẹni ń ta ìbọn ọdẹ. Ìlà pupa ni mò ń sọ yẹn: ohun ńlá dúró sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ta sókè. Bí kò bá sí títì lẹ́bàá òkè yín, àgbá bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún yín.

Níbi tí kò sí títì, ohun tó ṣeé tú ni kí ẹ wá. Lọ́dún 1915 àwọn ará Ọ́sítríà ní àgbá Skoda 75 mìlímítà tí kò ju kílò 613 lọ, tí wọ́n ń tú pínpín gbé gun Alps; wọ́n gbé àgbá dé orí òkè Ortler tó ga tó 3,905 mítà. Lẹ́yìn rẹ̀, Ítálì ṣe OTO Melara Mod 56, 105 mìlímítà, kílò 1,290, tó ń tú sí ọ̀nà 12. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé ní kílò 100 bí a bá pín in dọ́gba, nítorí náà ìbaaka alágbára ni ẹ ń wá, ọta sì tún ń béèrè ìbaaka tirẹ̀. M777 tí wọ́n fi títáníọ́ọ̀mù ṣe wọn kílò 4,200, ó ń ta 155 mìlímítà, hẹlikópítà Chinook sì lè so ó kọ́ sábẹ́ ikùn. Íńdíà ra 145 nínú rẹ̀ lọ́dún 2016 nítorí òkè ìhà àríwá rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé bàálù lè rọ́pò gbogbo èyí, kó wo Shah-i-Kot lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀ ní 2002, wọn kò kó àgbá dání, mọ́tà díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbójú lé ohun tó ń fò. Ọ̀tá ti tò sórí òkè yíká wọn, ìbọn sì dá ọgbẹ́ sára ọ̀pọ̀ hẹlikópítà Apache wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí mọ́tà tàbí àgbá yóò dúró, ẹ wo gẹ̀rẹ́ yìnyín tó wà lókè orí yín. Ìmìtìtì ọta lè já a. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, yìnyín ya lu ibùdó Pakísítáànì ní Gayari, nítòsí Siachen, ó sin ènìyàn bí 140. Ọta kankan kò dún lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun ìjà èjìká àti ti ọwọ́

Ihò tí wọ́n fi òkúta tò, ọta ìbọn kì í wọ̀ ọ́. Carl Gustaf, ìbọn àgbéléjìká 84 mìlímítà tí ń yin bọ́ǹbù, ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣí i. Ẹ wo bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń dín: irú rẹ̀ àtijọ́, M2, wọn kílò 14; tòní, tí wọ́n ń pè ní M4 (kì í ṣe ìbọn M4 àwọn Amẹ́ríkà), kò tó 7. Lórí òkè, owó tí ẹ san fún kílò 7 tó lọ yẹn, ẹ kò fi ṣòfò. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ogun ni iná tí ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí àpáta bá wà lẹ́yìn ẹni tó yìn ín, iná náà yóò padà sí i. Bó bá ń ta sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dojú kọ ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi okùn gun bọ̀. Yìnyín tó sì fẹ́ sókè yóò fi ibi tó wà han gbogbo àfonífojì.

Bọ́ǹbù àfọwọ́jù tí ẹ bá jù sókè gẹ̀rẹ́ lè yí padà wá bá yín. Èyí tí ìbọn ń yìn dára jù ú lọ fún ẹni tó ń gun òkè. Bọ́ǹbù ilẹ̀, n kò dábàá rẹ̀ rárá: yìnyín ń gbé e rìn kúrò níbi tí àwòrán sọ pé ó wà, orílẹ̀-èdè tó sì lé ní 160 ti fọwọ́ sí àdéhùn Ottawa ti 1997 pé àwọn kò ní lo irú èyí tó ń pa ẹlẹ́sẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tó ní ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ọkọ̀ ogun: báwo ni ọ̀pá ìbọn rẹ̀ ṣe lè wòkè tó? BMP-1 àwọn Sọfiẹ́ẹ̀tì kò lè gbé ìbọn rẹ̀ kọjá nǹkan bíi dígírì 33, àwọn ará Afgánísítáànì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí òkè ni wọ́n ń lúgọ sí. BMP-2, tí ìbọn 30 mìlímítà rẹ̀ ń wòkè dé nǹkan bíi dígírì 74, ló lè dá wọn lóhùn.

Táǹkì kì í ṣe ẹran òkè, ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti lè dé, ìpayà rẹ̀ pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1948, Íńdíà gbé táǹkì Stuart gba ọ̀nà Zojila, tó ga tó nǹkan bíi 3,500 mítà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò ó sí. Lọ́dún 1962, wọ́n fi bàálù kó táǹkì AMX-13 lọ sí Chushul, lẹ́bàá ààlà Ṣáínà. Méjèèjì ló fúyẹ́. Táǹkì Type 15 tí Ṣáínà ṣe fún òkè náà wà ní tọ́ọ̀nù 33 sí 36, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ọ́síjìn. Ẹ́ńjìnnì tó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò fún yín ní agbára díẹ̀. Ẹ béèrè iye tó ń ṣẹ́ kù ní gíga tiyín, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Hẹlikópítà ń gbé ẹrù díẹ̀ bó ti ń ga sí i, ó sì ń fò lọ́ra tàbí kó má lè dúró lójú kan rárá. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1999, mísáìlì àgbéléjìká já hẹlikópítà Mi-17 kan ti Íńdíà tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lulẹ̀ ní Kargil. Wọ́n dẹ́kun fífi Mi-17 jà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá fi bàálù Mirage 2000 ju bọ́ǹbù tí iná lésà ń darí láti òkè réré. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ohun tí yóò gba hẹlikópítà yín là, ẹ rò ó pé ọ̀tá yín lè wà ní gíga kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí lókè rẹ̀ pàápàá. Dróònù kéékèèké ń ran ni lọ́wọ́ láti rí ẹ̀yìn òkè. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń tètè kú, ìyẹ́ rẹ̀ kì í sì í rí afẹ́fẹ́ tó fi ń gbéra mọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ìyẹ́ rẹ̀ fún òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kí ni àdéhùn sọ?

Ní Galwan, oṣù kẹfà ọdún 2020, ní ibi tó ga ju 4,000 mítà lọ, àwọn ọmọ ogun Íńdíà àti Ṣáínà fi òkúta, kùmọ̀ àti ọ̀pá tí wọ́n kan ìṣó mọ́ bá ara wọn jà lóru. Ọmọ ogun Íńdíà 20 ló kú. Ìbọn wà nítòsí. Àdéhùn 1996 láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn láàárín kìlómítà 2 sí ìlà ààlà. Kí ẹ tó náwó, ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ọmọ ogun yín yóò nílò jù ni asà, bàtà tó ń di yìnyín mú, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ dán an wò

Ẹ má jẹ́ kí olùtajà yan ibi ìdánwò. Ẹ gbé ohun ìjà náà dé gíga tí yóò ti ṣiṣẹ́, kí ọmọ ogun tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ gbé e, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tí hẹlikópítà ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Kó gbé e pẹ̀lú gbogbo ọta rẹ̀ gun 300 mítà sókè. Kí ìbọn sùn síta mọ́jú. Ní ìdájí, kí ọmọ ogun náà jí, kó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù tó ní, kó fi ilé ọta sí i, kó yin ọta 30, kó pààrọ̀ ilé ọta, kó tún yin 30. Kí ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú ìwé, kó máa kọ iye ìgbà tó há, àti iye ìgbà tí ọmọ ogun náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.